Ìbéèrè Yín Lórí Oúnjẹ: Àyè Tí Ṣúgà Ń Gbà Nínú Ikùn Àgbàlagbà

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú nínú àwọn tí ó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí, gbogbo wọn ni ó sì dá lórí ṣúgà àti àwọn àgbàlagbà. A fi àyè tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé òun nìkan ni ó béèrè ohun tí àwọn yòókù kò rántí béèrè.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ìyá mi, ẹni ọdún 74, ti Ìkìrun wá bá wa gbé ní Kubwa lẹ́yìn tí bàbá wa di olóògbé. Nílé, wọn a máa jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, wọn a sì máa jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Níbí, tíì oníhóró ṣúgà mẹ́rin àti búrẹ́dì díẹ̀ ni wọ́n ń mu láàárọ̀, ìgò míńírà ńlá kan lọ́sàn-án pẹ̀lú bísíkíìtì, ògì oníṣíbí ṣúgà mẹ́rin lálẹ́. Bí a bá gbé oúnjẹ fún wọn, òkèlè mẹ́ta péré, wọ́n á ní àwọn ti yó. A mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ju bí ó ti yẹ lọ. Síbẹ̀ ìró wọn kò dúró ní ìdí mọ́, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jẹ ohun tí ó wù wọ́n, pé nígbà tí kò ti sí àtọ̀gbẹ, kí ni ṣúgà fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Ọmọ wọn obìnrin, Kubwa, Abuja.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ̀gbọ́n yín jàre níbì kan: bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò sí àtọ̀gbẹ, ọpẹ́ ló yẹ. Ibi tí wọn kò ti jàre ni pé wọ́n rò pé àtọ̀gbẹ nìkan ni ẹjọ́ tí ṣúgà ní láti wá rò. Ẹjọ́ kejì wà tí a kì í sábà pè, òun gan-an ni mo sì rí nínú lẹ́tà yín: ṣúgà a máa jókòó sí àyè tí ó yẹ kí oúnjẹ jókòó sí.

Gíráàmù ṣúgà kan ń fún ara ní agbára kálórì 4. Kò sí amúaradàgbà nínú rẹ̀, kò sí kálísíọ̀mù, kò sí èròjà irin, kò sì sí fítámì B kankan. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ru bulọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Gwarinpa, tí ó lè jẹ oúnjẹ kálórì 3,000 lójúmọ́, ìgò míńírà kan kò lè dí oúnjẹ lọ́nà. Yóò mu ún, yóò sì tún jẹ àwo ẹ̀wà àti búrẹ́dì lé e. Ti àgbàlagbà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ orí ti ń ga ni iṣan ara ń dín kù, ìrìn ń dín kù, agbára tí ara ń béèrè sì ń dín kù pẹ̀lú. Oúnjẹ a tún máa pẹ́ nínú ikùn kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sínú ìfun, ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi máa ń tètè yó, tí ó sì ń pẹ́ kí ebi tó tún pa wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà aṣaralóore tí ara wọn ń fẹ́ kò dín kù. Òmíràn tilẹ̀ ń lé sí i: ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà gbé kálísíọ̀mù obìnrin láti mílígíráàmù 1,000 sí 1,200 lójúmọ́ bí ó bá ti lé ní ẹni 50 ọdún, ó sì gbé fítámì D láti máíkírógíráàmù 15 sí 20 fún ẹni tí ó bá ti kọjá 70 ọdún. Ní ti amúaradàgbà, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà wò ní 2013 dábàá gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá wọ̀n, dípò 0.8 tí wọ́n ń kà fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀. Igbá ti kéré sí i, ẹrù tí yóò gbé kò sì dín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ẹ kọ. Hóró ṣúgà kan wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 4, ṣíbí tíì kan náà sì tó bẹ́ẹ̀. Hóró mẹ́rin àárọ̀ jẹ́ gíráàmù 16, ṣíbí mẹ́rin inú ògì alẹ́ jẹ́ 16 mìíràn. Míńírà dúdú inú ìgò 50cl sábà máa ń ní ṣúgà tí ó lé ní gíráàmù 50; bí ẹ bá yí ìgò náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé gíráàmù 10 tàbí 11 ni wọ́n máa ń kọ fún mílílítà 100. Àpapọ̀ rẹ̀ tó gíráàmù 85, èyí tí í ṣe kálórì 340, a kò sì tíì ka bísíkíìtì. Bí gbogbo ohun tí ìyá ń jẹ lójúmọ́ bá jẹ́ kálórì 1,400, èyí tí kì í ṣe àjèjì fún obìnrin tí kò sígbọnlẹ̀ tí kì í sì í jáde nílé, a jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin agbára wọn ń wá láti inú ohun tí ó wá lọ́wọ́ òfo. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú ṣúgà yìí má ṣe tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ, wọ́n sì ní ó lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá tó ìdá márùn-ún. Lórí kálórì 1,400, ìdá mẹ́wàá jẹ́ gíráàmù 35, ìyẹn ṣíbí tíì tí kò pé mẹ́sàn-án. Míńírà ọ̀sán nìkan ti kọjá rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí kálórì 340 yẹn ìbá bá ìyá rà. Ẹyin sísè méjì jẹ́ nǹkan bíi kálórì 150. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, lílọ̀ ni o, nítorí eyín, jẹ́ bíi 170. Àwọn méjèèjì kò tó 340, síbẹ̀ wọ́n gbé amúaradàgbà bíi gíráàmù 20 wá. Bí ìyá bá wọ̀n tó kílò 58, ó kéré tán gíráàmù 58 ni à ń wá fún wọn lójúmọ́, a jẹ́ pé àyè tí a ń fi ra dídùn ìbá ra tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ wá. Mo fura pé ibẹ̀ ni ìró tí kò dúró ní ìdí ti bẹ̀rẹ̀: ìyá ń rí nǹkan fi sẹ́nu, ṣùgbọ́n iṣan wọn kò rí ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Èmi kò lè fi lẹ́tà ṣe àyẹ̀wò ṣá o. Ara tí ó ń rù láìnídìí ní ọjọ́ orí yìí gbọ́dọ̀ padà dé iwájú dókítà, nítorí pé àìsàn mìíràn lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn tó, kí wọ́n sì yẹ ẹnu àti eyín wọn wò.

Ọ̀rọ̀ àyè tí mò ń sọ yìí ní ẹ̀rí. Ní agbègbè Blue Mountains, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Sydney ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò fún àwọn tí wọ́n ti tó ẹni ọdún 49 sókè ní 1992. Ojú ni wọ́n fẹ́ wò, ṣùgbọ́n wọ́n tún bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Nígbà tí wọ́n wá ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn àgbàlagbà tí ṣúgà àfikún wọn ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ wọn lọ kì í rí èròjà aṣaralóore jẹ tó àwọn tí tiwọn kéré. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè là á fún wa bóyá ṣúgà ni ó lé oúnjẹ jáde, tàbí ẹni tí kì í jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀ ni ó sá tọ ṣúgà lọ. Lójú tèmi, méjèèjì ni ó ń ṣẹlẹ̀, tí ọ̀kan ń ti èkejì.

Ó ku ìdí tí ìyá tí ó ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní Ìkìrun fi di ẹni tí ń mu míńírà ní Kubwa. Ara lè wà nínú rẹ̀: imú àti ahọ́n kì í mú bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọbẹ̀ a wá dà bí omi lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n dídùn ṣì ń dùn, oògùn mìíràn a máa gbẹ itọ́ lẹ́nu, eyín tí ó ti yọ kì í bá ẹran jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí nínú ilé kan ní Nyanya. Gbogbo ènìyàn ti jáde kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà wọn, ìyá àgbà nìkan ni ó kù pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tí ń sọ èdè Hausa tí wọn kò gbọ́. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ wà nínú kúlà, ṣùgbọ́n orí kọ́bọ́ọ̀dù ni kúlà wà, ọwọ́ ìyá kò tó o. Ẹ̀rù gáàsì ń bà wọ́n, wọn kò sì gbà kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa bù oúnjẹ fún wọn bí ọmọdé. Míńírà ní tirẹ̀ wà nínú ilẹ̀kùn fìríìjì, ní ìbádọ́gba ọwọ́ wọn gẹ́lẹ́, kò sì béèrè ju kí a ṣí i lọ. Kí ẹ tó bá ìyá yín wí nítorí ṣúgà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ gbé kúlà sí.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹ gba ìgò lọ́wọ́ ìyá. Yàtọ̀ sí pé ó rí wọ́n fín, ẹni tí ara rẹ̀ ti ń rù kò gbọ́dọ̀ pàdánù kálórì 340 lójijì láìsí ohun tí ó rọ́pò rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí dídùn máa tẹ̀lé oúnjẹ, kí ó má máa ṣáájú rẹ̀: míńírà tí a mu ní aago méjìlá ni ó ń sọ oúnjẹ di òkèlè mẹ́ta péré ní aago kan. Ẹ máa bù ú sínú ife kékeré lẹ́yìn oúnjẹ, kí ìgò kan lè di ti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ní ti ògì alẹ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí pé ìyá fẹ́ràn rẹ̀, ó sì rọrùn láti gbé mì. Ẹ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun sóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ nígbà tí ó bá wà lórí iná, kí ẹ lu ẹyin kan sínú rẹ̀ kí ó sì jinná dáadáa, kí ẹ wá bu ṣíbí mílíìkì oníyẹ̀fun méjì tí kò ní ṣúgà sí i. Lórí irú ògì bẹ́ẹ̀, ṣíbí ṣúgà méjì kò ní bà mí nínú jẹ́ rárá. Ṣúgà tí ó sin oúnjẹ wọlé yàtọ̀ sí ṣúgà tí ó dá wá.

Ní ti ọ̀sán, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún sàn ju àwo ńlá méjì lọ. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin dára, gbẹ̀gìrì dára, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ dára. Wàrà sóyà tí àwọn Hausa ń pè ní awara, tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà káàkiri Abuja, rọ̀ lẹ́nu, amúaradàgbà rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ kàn ní kí wọ́n dín ata rẹ̀ kù. Bí ìyá bá sì ń ṣàárò ọbẹ̀ ilé, ewé osè gbígbẹ tí wọ́n ń tà ní ọjà Kubwa ní orúkọ kuka, lúrú náà ni. Ó ní kálísíọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan gbogbo wa. Àwa Yorùbá kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo, ìwà rere ni, ṣùgbọ́n ohun tí a ń dì dání ti di páálí mọ́ọ̀tì àti bísíkíìtì alágolo. Ìyá tí àlejò mẹ́ta bá kí lọ́jọ́ Àìkú ti ní dídùn oṣù kan nílé. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ìyá ń fẹ́, ẹ má tijú láti dárúkọ ẹyin, ẹja gbígbẹ tàbí ọsàn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹni ọdún 69 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ti pa ṣúgà tì pátápátá. Oyin ni mò ń lò nínú tíì, mo sì ń mu sóbò àti fúrà dípò míńírà. Dàbínù kì í wọ́n nílé mi. Ṣé mo ti bọ́?
Bàbá kan, Sabon Gari, Kano.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìgbìyànjú, Bàbá. Ẹ ti bọ́ nínú ohun méjì, ó ku méjì.

Oyin kò bọ́. Mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni ṣúgà, ó sì wúwo: ṣíbí tíì oyin kan wọ̀n tó gíráàmù 7, nítorí náà ṣúgà inú rẹ̀ ju ti ṣíbí ṣúgà lọ. Àwọn nǹkan dáadáa tí a ń yìn nínú oyin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò tó láti bọ́ àgbàlagbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oyin àti omi èso mọ́ ṣúgà inú páálí. Bí ẹ bá ń lò ó bí oògùn ọ̀fun, kò sí ìjà. Bí ó bá jẹ́ ṣíbí mẹ́ta nínú ife tíì mẹ́ta lójúmọ́, ẹ ti padà sí ibi tí ẹ ti kúrò.

Sóbò fúnra rẹ̀ kíkan ni, ẹni tí ń tà á ni ó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Ẹ ra òdòdó rẹ̀ gbígbẹ lọ́jà, kí ẹ sè é pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí a ti fọ̀ mọ́. Adùn ọ̀pẹ òyìnbó yẹn máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ahọ́n bá ti mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ ń mu ún lójoojúmọ́, nítorí pé òun náà a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílẹ̀.

Fúrà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Jéró wà nínú rẹ̀, nónò, wàrà kíkan tí a fi pò ó, sì ń gbé kálísíọ̀mù, amúaradàgbà àti fítámì B12 wá, ohun mẹ́ta tí àgbàlagbà sábà máa ń ṣe aláìní. Ẹ tètè sọ fún ìyá Fúlàní tí ń bù ú pé ẹ kò fẹ́ ṣúgà, kí ọwọ́ wọn tó kan ọ̀rá ṣúgà, nítorí pé bí wọ́n bá ti pò ó tán, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ń se wàrà rẹ̀ kí ó tó kan, nítorí àìsàn wà nínú wàrà tútù. Dàbínù ní tirẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n èso odindi ni, a kì í kà á mọ́ ṣúgà àfikún. Ẹ rẹ mẹ́ta sínú nónò mọ́jú. Ní àárọ̀ ẹ kò ní wá oyin. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ nìkan ni yóò kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè iye rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ṣé mílíìkì alágolo tí ó ki tí mai shayi ń rọ sínú tíì àti èyí tí à ń rà fún bàbá wa nílé, ọ̀kan náà ni wọ́n? Ọ̀dọ̀ mai shayi ni wọ́n ti ń jẹun àárọ̀ lójoojúmọ́.
Minna.

ÌDÁHÙN

Bí ó bá ki bí oyin tí ó sì ń fà, mílíìkì onísúgà ni, ṣúgà sì ń súnmọ́ ìdajì rẹ̀. Èyí tí ó ṣàn kì í sábà ní ṣúgà, ṣùgbọ́n ẹ ka ara agolo rẹ̀, nítorí pé àwọn kan kì í ṣe mílíìkì tán. Bàbá tèmi náà, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, a máa sọ pé àwọn ti jẹun ní ọ̀dọ̀ mai shayi, ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé tíì adùn-bí-oyin àti búrẹ́dì lásán ni. Ẹ má dá wọn dúró nílé, àwọn ọ̀rẹ́ wọn wà níbẹ̀. Ẹ san owó ẹyin méjì sílẹ̀ fún mai shayi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ó máa dín in fún wọn.

ÌBÉÈRÈ

Mo gbọ́ pé fítámì A wà nínú ṣúgà tiwa ní Nàìjíríà. Ṣé èròjà aṣaralóore kọ́ nìyẹn? Mo sì gbọ́ pé ìjọba ti bu owó orí lé míńírà kí a lè dín in kù.
Lokoja.

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni méjèèjì. Òfin tí ó sọ fítámì A di dandan nínú ṣúgà, ìyẹ̀fun àti òróró wà láti 2002, àmì ojú tí ẹ ń rí lára páálí ni ó ń tọ́ka sí i. Owó orí náà wọlé pẹ̀lú òfin ìnáwó tí wọ́n fọwọ́ sí ní òpin ọdún 2021: náírà 10 lórí lítà kan nígbà náà, ìyẹn náírà 5 lórí ìgò 50cl, èyí tí n kò rò pé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ kíyè sí nínú owó tí ó ń san.

Ní ti fítámì A, àwọn tí oúnjẹ wọn kò tó ni wọ́n ṣe é fún, kí ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ lè gbé nǹkan díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kò ṣe é kí a lè fi ṣúgà ṣe oúnjẹ. Ẹyọ kan ni láàárín èròjà tí ó lé ní ogún tí ara ń fẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí a fi epo pupa sè sì ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀, pẹ̀lú èròjà irin ẹ̀fọ́ àti amúaradàgbà ẹja tí ó wà nínú rẹ̀.